Etí Rẹ Ló Ń Hó, Kì Í Ṣe Ilé Ló Ń Pè Ọ́

Rafíátù ọmọ mi, Àjíkẹ́ mi tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́,

Lójoojúmọ́, bí mo bá kírun Àsúbàá tán tí mo sì ká ẹní mi, ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni mo máa ń mú. Mo máa ń fi ìdí rẹ̀ gún àtẹ́lẹwọ́ mi kí ẹnu rẹ̀ lè dọ́gba, màá fún okùn rẹ̀ le, màá wá wọ́n omi díẹ̀ sílẹ̀ kí eruku má baà dìde. Ẹnu ọ̀nà yàrá mi ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Màá gbá ẹ̀gbẹ́ kànga, màá gbá iwájú ilé ìdáná, màá fi abẹ́ igi máńgòrò ṣe ìkẹyìn, nítorí ibẹ̀ ni ewé pọ̀ sí. Yanrìn àgbàlá yìí le. Bí ìgbálẹ̀ bá ti ń kọjá lórí rẹ̀, a máa dún ṣáá, ṣáá, ṣáá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán, mo máa ń padà lọ gbá ibi tí mo ti kọ́kọ́ gbá.

Àlájà onílé mi rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó máa ń yọjú lójú fèrèsé, á ní, "Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, kí ni ilẹ̀ yìí fi ṣe ọ́? O fẹ́ gbá a kan omi ni?" Èmi á rẹ́rìn-ín, màá kúnlẹ̀ kí i, màá sì máa gbálẹ̀ mi lọ. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ìró ìgbálẹ̀ yẹn ló máa ń bo ìró tó wà nínú etí mi mọ́lẹ̀. Ní ìwọ̀nba àsìkò tí mo fi ń gbálẹ̀, orí mi máa ń dákẹ́. Inú ìdákẹ́ yẹn ni mo ti máa ń rí ojú rẹ kedere.

O ò mọ̀ pé etí mi ń hó, àbí? N kò sọ fún ọ rí. Etí òsì ni, bíi tìrẹ gẹ́lẹ́. Ó ti ń hó kí n tó bí ọ.

Láti ọjọ́ Àìkú tí o ti pè mí ni mo ti ń gbé lẹ́tà yìí kiri nínú ọkàn. Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ padà. Bùsọ́lá, ọmọbìnrin tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì, tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ìyá wa, lẹ́tà kẹ̀? Ẹ ẹ̀ kúkú rán ẹyẹlé." Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni o ń fi ohun èlò ìgbọ́ràn sí etí níbi iṣẹ́ ìdáhùn fóònù rẹ ní Àbújá, tí àwọn oníbàárà ń pariwo sí ọ nínú rẹ̀. N kò fẹ́ kí ohùn tèmi náà di ọ̀kan nínú ohun tí yóò máa gún ọ létí. Ìwé kì í pariwo. O lè kà á, o lè gbé e sílẹ̀, o sì lè padà sí i. Bákan náà, ojú máa ń tì mí lórí fóònù. O mọ ìyá rẹ. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an kì í dé ahọ́n mi àfi ìgbà tí mo bá ti gé fóònù tán.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ, kí o lè rí i bí èmi ṣe gbọ́ ọ. O ní, "Màmá, mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí mọ́. Bí ẹnì kan bá ń ka nọ́ńbà fún mi, kó tó dé ìdí rẹ̀, iwájú ti bọ́ lọ́kàn mi. Obìnrin kan bi mí lánàá pé ṣé kò sí ẹni tó gbọ́n níbẹ̀ tí òun lè bá sọ̀rọ̀ ni." Mo gbọ́ bí o ṣe ń fa imú. O wá ní, "Etí òsì mi ń hó látìgbà tí mo ti dé ibí. Ìyá àgbà máa ń sọ pé tí etí òsì bá hó, ilé ló ń peni. Bóyá ilé ló ń pè mí lóòótọ́, Màmá. Ọpọlọ mi ti kú. Tí oṣù yìí bá parí, màá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, màá wá bá yín ní Ìjẹ̀bú."

Àjíkẹ́, n kò ní purọ́ fún ọ. Inú mi dùn. Inú mi dùn débi pé nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán, mo wọ ọjà lọ, mo ra ìrọ̀rí kejì. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tèmi lórí bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó, mo ń wò ó. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ń gbé. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti dolóògbé, tí ìwọ náà parí ilé ìwé rẹ, tí mo ta ọjà tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìsẹ́yìn kí n lè wá parí ìwé tí mo fi sílẹ̀ nígbà èwe, n kò tíì rí ẹni tí mo lè bá jẹun láì jẹ́ pé mo ń ro ohun tí màá sọ. Àlájà ń ṣe dáadáa sí mi. Tí ó bá ro ìkọ́kọrẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, ó máa ń bu tèmi wá. Ṣùgbọ́n bí àbúrò rẹ̀ bá dé, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ìjẹ̀bú sọ̀rọ̀ wàràwàrà, èmi á kàn máa rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, mo rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ẹni tó kú. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò jáde fún odindi ìrọ̀lẹ́.

Nítorí náà, bí mo ṣe rí ìrọ̀rí méjì lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ǹ bá kàn dákẹ́, kí n jẹ́ kí o máa bọ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n dákẹ́ ni pé èmi náà ti dáhùn ìpè yẹn rí, mo sì mọ ibi tó gbé mi lọ.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní ìlú kan tó jìnnà sí ilé. Nídìí ẹ̀rọ ìlọta ìyá mi ni mo ti dàgbà. Kí n tó lọ síbi ẹ̀kọ́ àti lẹ́yìn tí mo bá dé, èmi ni mo máa ń dúró ti ẹ̀rọ yẹn, tí á máa ké bí ẹni tí wọ́n ń pa, tí èmi á máa kó ata sí i lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa nígbà náà pé ariwo lè pa etí lára. Ata tó ń ta sójú nìkan la kà sí ewu. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìró yìí ti wọlé sí mi létí, àmọ́ n kò so ó mọ́ ẹ̀rọ nígbà náà. Ohun tí ìyá mi, ìyá àgbà tìrẹ, kọ́ mi ni mo gbà gbọ́: etí ọ̀tún hó, ayọ̀ ń bọ̀, etí òsì hó, ilé ló ń peni.

Ọjọ́ ìdánwò ni. Gbọ̀ngàn yẹn dákẹ́ rọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ìdákẹ́ gan-an ni ọ̀tá ẹni tí etí rẹ̀ ń hó. Etí òsì mi bẹ̀rẹ̀: yììììì. Mo ka ìbéèrè kìíní, n kò mọ ohun tí mo kà. Mo tún un kà. Ìgbà tí mo máa fi kà á tán lẹ́ẹ̀kẹta, ọkàn mi ti dé Ìsẹ́yìn. Mo sọ fún ara mi pé ìyá mi ló ń kú lọ. Mo gbé bíírò mi, mo dìde, mo já sí gáréèjì.

Nígbà tí mo fi máa dé ilé, oòrùn ti rọlẹ̀. Ìyá mi wà nídìí ẹ̀rọ, ara rẹ̀ le koko bí òkúta, ata kún apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó pa ẹ̀rọ.

"Sídí, ṣé wọ́n lé ọ ni?"

"Rárá, Màmi. Ẹ̀yin lẹ pè mí."

"Èmi? Mo fi kí ni pè ọ́? Ata ni mo fi pè ọ́ ni?"

"Etí òsì mi ló hó. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ilé ló ń peni."

Oníbàárà kan tó gbé abọ́ ata rẹ̀ dání bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí, ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Àmọ́ mo ní kí o fi ìdánwò sílẹ̀?" Lẹ́yìn náà ló tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà, ariwo náà sì bo gbogbo wa.

N kò padà lọ ṣe èyí tó kù. Ojú tì mí. Mo tún ti gbà nínú ara mi pé olódo ni mí, pé ẹni tó ń ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó yé e kò yẹ ní ilé ẹ̀kọ́. Mo fẹ́ bàbá rẹ, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo bí ọ. N kò kábàámọ̀ ọkùnrin náà, n kò sì lè kábàámọ̀ rẹ láéláé. Ṣùgbọ́n kò sí ọdún kan tí n kò rántí bẹ́ńṣì tí mo dìde lórí rẹ̀ yẹn. Ìró kékeré kan nínú etí ló gbé mi dìde.

Ó dára. Èyí tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ nìyí.

Èkíní, ìró yẹn kò jíṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti wádìí rẹ̀ ní ọ̀nà tèmi. Mo bi Àlájà pé bí etí òsì bá hó, kí ni wọ́n máa ń sọ nílé tiwọn. Ó ní, "Ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ láìdáa. Gé etí aṣọ rẹ jẹ, kí ẹni náà gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ." Mo bi Bùsọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Ó ní ìyá bàbá òun máa ń sọ pé àlejò ló ń bọ̀, kí wọ́n fi omi kún ọbẹ̀. Wò ó, Àjíkẹ́. Ìró kan náà ni. Ní ilé wa, ìpè ni; ní ilé Àlájà, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni; ní ilé Bùsọ́lá, àlejò. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n fi rán ìró yẹn, ṣé yóò máa jẹ́ iṣẹ́ mẹ́ta ní ilé mẹ́ta? Etí ló ń hó. Àwa la ń fi ohun tó wà lọ́kàn wa sí i lẹ́nu. Lọ́jọ́ ìdánwò mi, ẹ̀rù ló wà lọ́kàn mi.

Èkejì, ọpọlọ rẹ kò kú. Èyí ni mo fẹ́ kí o kà dáadáa, nítorí pé mo fi ìtìjú mi san án. Olùkọ́ kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìjagun tó ń kọ́ wa nípa bí èèyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ àti bí ó ṣe ń rántí nǹkan. Ọmọkùnrin kékeré ni, bóyá ó fi díẹ̀ jù ọ́ lọ. Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí o ti pè mí, mo dúró títí gbogbo kíláàsì fi jáde. Mo ń ká ìwé mi, mo ń tú u, mo tún ń ká a, títí ó fi béèrè pé, "Mà, ṣé kò sí?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé etí tó ń hó lè ba ọpọlọ ọ̀dọ́ jẹ́?"

"Etí ta ni, Mà?"

"Etí ọmọ mi ni."

Ó fìdí mọ́ tábìlì. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé. Àwọn tó ń wádìí rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ kò tíì fẹnu kò. Àwọn kan rí i pé àwọn tí etí wọn ń hó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fèsì, tàbí pé ohun tí wọ́n fẹ́ dì mú lọ́kàn fún ìgbà díẹ̀ tètè ń bọ́. Àwọn míì ò rí ìyàtọ̀ kankan. Èyí tó jọ òótọ́ lójú mi ni pé ìró yẹn máa ń bá nǹkan míì du àfiyèsí èèyàn. Bí àìsùn àti ìbẹ̀rù bá tún kún un, ó di ẹrù." Ó wá ní kí n nawọ́. Ó gbé bààgì rẹ̀ kọ́ mi lápá, ó kó ìwé lé mi lọ́wọ́, ó tún fi ike omi rẹ̀ lé e. Ó ní, "Mà, ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn."

Mo gbìyànjú. N kò rí i ṣí.

"Ṣé ọwọ́ yín rọ ni?"

"Ọwọ́ mi ò rọ. Ó kún ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ti fèsì sí ìbéèrè yín." Ó gba ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe ń lọ, ó pè mí padà. "Mà, ẹ ní kí ọmọ yín lọ rí dókítà etí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíì náà wà nínú ilé tí etí rẹ̀ ń hó, kí òun náà lọ." N kò lè wo ojú rẹ̀.

Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ kún. Kò rọ. O wà nílùú tí o kò mọ ẹnì kan, ohùn àjèjì ń já lu ohùn àjèjì nínú etí rẹ, etí kan náà tún ń fi ìró tirẹ̀ kún un, o kò sùn dáadáa, o sì ń bẹ̀rù pé wọn yóò lé ọ. Ta ni yóò ru gbogbo èyí tí yóò sì tún di nọ́ńbà gígùn mú? Mo mọ̀ ọ́n láti inú ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú tí n kò gbọ́ yìí. Bí mo bá jókòó ti Àlájà àti àbúrò rẹ̀, agbára tí ó yẹ kí n fi ronú, ibi ìgbọ́ràn ni gbogbo rẹ̀ ń tán sí. Nígbà tí mo bá fi máa wọlé, á ti rẹ̀ mí bí ẹni tó ti oko dé. Ẹni tó bá wò mí á ní mo gọ̀. N kò gọ̀. Mo ń gbọ́ràn ni.

Nítorí náà, sọ ẹrù díẹ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá ń ka nọ́ńbà, sọ fún wọn pé kí wọ́n kà á díẹ̀díẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kà á. Kà á padà sí wọn létí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí a bá fi ọwọ́ kọ kò tún sí lọ́rùn ọpọlọ mọ́. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe ní kíláàsì, mo sì ń yege, èmi tí mo pe ara mi ní olódo.

Èyí tó tẹ̀ lé e, má fara pamọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì ní Ìjagun, àwọn ọmọ náà dìde, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà!" Ọ̀kan ti ń nu pátákó. Wọ́n rò pé èmi ni olùkọ́. Ojú tì mí, mo sáré gba ẹ̀yìn pátápátá lọ, mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé níbi tí ẹ̀rọ amúnáwá ti ń ké. N kò gbọ́ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ gbáko. Bùsọ́lá ló yíjú wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá wa, ẹ máa bọ̀ níwájú jàre. Ṣé ìyàwó tuntun ni yín ni?" Mo gbé bààgì mi, mo lọ síwájú. Látìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́. Sọ fún ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ pé etí ń dà ọ́ láàmú. Béèrè bóyá wọ́n lè jẹ́ kí o jókòó síbi tí kò fi bẹ́ẹ̀ láriwo, kí o sì máa sinmi díẹ̀ láàárín ìpè kan sí òmíì. Ẹni tí kò sọ ibi tó ń dùn ún, inú ẹran tí kò dùn ún ni wọ́n máa gún abẹ́rẹ́ sí.

Dín ohùn kù nínú ohun èlò ìgbọ́ràn yẹn. Mo sì bẹ̀ ọ́, orin tí o máa ń fi sí etí títí oorun yóò fi gbé ọ lọ láti ìgbà tí o wà ní ilé ẹ̀kọ́, jẹ́ kí ó sinmi. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ nígbà náà, mo máa ń gbọ́ orin náà láti ibi tí mo dúró sí, n kì í sì í sọ nǹkan kan. Mo rò pé ìgbádùn ọmọ ni. Bí yàrá bá dákẹ́ jù tí ìró náà bá ń dún jù, tan fáànù, kí ìró rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ máa bá ọ gbé. Ìwọ náà lè gbálẹ̀.

Má fi ìyẹ́ adìyẹ ro etí o! Mo mọ̀ ọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán àdín tàbí epo gbígbóná sí i. Èmi ti ṣe gbogbo ìyẹn rí. Ohun tí mo rí gbà níbẹ̀ ni etí tó wú. Lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n wò ó bóyá ìdọ̀tí ló dí i, kí wọ́n yẹ bí o ṣe ń gbọ́ràn sí. Kó gbogbo oògùn tí o ń lò dání, títí kan èyí tí o ń rà lọ́wọ́ ara rẹ nítorí ibà àti ẹ̀fọ́rí, nítorí pé àwọn oògùn kan wà tó lè mú kí etí máa hó. Bí etí kan bá ṣàdédé di, tàbí òòyì ń kọ́ ọ, má dúró dìgbà tí o bá ráyè. Ọjọ́ náà gan-an ni kí o lọ.

Bí dókítà bá wá sọ pé iṣẹ́ yẹn ń pa etí rẹ lára, tí wọn kò sì lè ṣe àtúnṣe, fi í sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá sọ pé kí o fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ìwọ ni o lọ. Ìró kan kọ́ ló lé ọ. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, Àjíkẹ́. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo fi mọ ìyàtọ̀ náà. Nítorí náà, ìlérí kan ni mo ń tọrọ: má kọ ìwé yẹn kí o tó rí dókítà.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì nira jù fún mi láti kọ. Nígbà tí o sọ pé ilé ń pè ọ́, mo mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Àárò ń sọ ọ́. Kò yẹ kí o wá àrùn tí o máa fi bò ó. Bí àárò mi bá ń sọ ọ́, sọ pé àárò mi ń sọ ọ́, kí o sọ ọ́ tààrà. Kò sọ ọ́ di ọmọdé, kò sì ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó jẹ́ òótọ́. Àárò tìrẹ náà ń sọ mí. Ó ń sọ mí nígbà tí mo bá bu gàrí tó pọ̀ jù fún ẹnì kan. Ó ń sọ mí nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi lọ sí Ìjagun, bí mo bá rí ọmọbìnrin kan tó de gèlè rẹ̀ bíi tìrẹ. Nígbà míì tí etí mi bá hó ní ìrọ̀lẹ́, bí mo tilẹ̀ mọ gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, ẹnu mi ṣì máa ń fẹ́ dáhùn pé, "Màmi, mo ń bọ̀." Ìyá mi sì ti lọ, Ọlọ́hun fi Àlùjánńà kẹ́ wọn. Ìyẹn náà, àárò ni. Mo ti mọ orúkọ rẹ̀ báyìí. N kì í wọ ọkọ̀ tọ àárò lọ mọ́. Màá jókòó tì í títí yóò fi rọlẹ̀.

Wá nígbà ìsinmi rẹ. Àlájà ti ṣèlérí ìkọ́kọrẹ́ fún ọ. Ó ní òun fẹ́ rí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń torí rẹ̀ gbálẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti sọ fún un pé ìgbà tí mo bá ń gbálẹ̀ ni mo ń ronú rẹ. Ìdajì òótọ́ ni mo sọ fún un. Ìrọ̀rí rẹ wà níbí. Mo ti dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀ kí eruku má baà bà á, mo sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò ní gbó kí o tó dé.

Lọ́la, bí mo bá kírun tán, màá gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, n kò ní tún ibi tó ti mọ́ gbá. Màá gba gáréèjì kọjá, màá fi lẹ́tà yìí lé awakọ̀ Àbújá lọ́wọ́. Láti ibẹ̀, n kò ní lọ sí kíláàsì. Màá lọ sí ilé ìwòsàn, màá jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú àwọn tó kù, n kò sì ní dìde títí wọn yóò fi pè mí. Bí wọ́n bá bi mí pé etí ta ni, màá sọ fún wọn pé etí tèmi ni.

Ìyá rẹ tí kò gbàgbé rẹ nígbà kankan,
Sídíkátù